Kò Mọ Nǹkan Kan, Ẹ Bá Wa Kọ́ Ọ

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ìyànà Ọ̀fà, tí ẹ gbọ́ tí ọkùnrin kan ń pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé, "Ta ló sọ fún ọ pé ìrìn-àjò lo fẹ́ràn?", ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó jẹ́. Ọkọ mi ni. Múyìíwá ni wọ́n sọ ọ́, Múyì ni gbogbo ọjà ń pè é, Bàbá Ìfẹ́ sì ni èmi ń pè é, nítorí Ìfẹ́olúwa àkọ́bí wa. Lẹ́nu, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ bí obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé. Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá lò, kí ẹ má baà rò pé ọkùnrin mẹ́ta ni mo fẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré la ní létí títì. Inú lọ́hùn-ún ni òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti èyí tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Iwájú ni èmi àti kúlà mi wà. Mo ń ta píọ̀ wọ́tà, bisikíìtì àti káàdì ìpè. Bí ẹ bá rò pé ẹni tó jókòó síwájú kò lè gbọ́ ohun tó ń lọ nínú, a jẹ́ pé ẹ kò tíì fẹ́ aláriwo rí.

Iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe kò le rárá. Ọmọdé á wá, á ní òun fẹ́ tẹ CV, ìwé tí èèyàn fi ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á. Ẹ bá a tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e fún un, kó máa lọ. Bí àwọn tó kù lójú títì yìí ṣe ń ṣe é nìyẹn, orí kò sì fọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ tèmi á kọ́kọ́ ka ohun tí ọmọ náà mú wá. Á bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún, á tún ìwé náà kà, á wá bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọmọ tíṣà ìjọ Áńgílíkà ni. Ìyá rẹ̀ kì í fún un lóúnjẹ bí lẹ́tà kan bá wọ́ nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó di táìpíìsì ní ọ́fíìsì ìjọba, láyé ẹ̀rọ tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́, tó jẹ́ pé bí ìka bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi kí o bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó ṣe é títí ó fi fẹ̀yìn tì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè rí ìwé játijàti kó dákẹ́. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, mo ti fi í sílẹ̀.

Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn ọmọ yìí ń lò. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ó ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Wọ́n kàn ń yọ orúkọ ẹni àná kúrò, wọ́n ń fi tiwọn rọ́pò. Gbogbo wọn ló lè ṣiṣẹ́ bí wàhálà bá tilẹ̀ ga dé ọrùn. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ìwé kíkà, ìrìn-àjò àti bọ́ọ̀lù wíwò. Gbogbo wọn ló kọ bí wọ́n ṣe ga tó, ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe, àti irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wọn, bíi pé ilé iṣẹ́ fẹ́ gbẹ̀jẹ̀ lára wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ammar, ọmọ Lálúpọn. Iṣẹ́ agbálẹ̀ ilé ìwòsàn ló fẹ́ lọ gbà. Ohun tó kọ sókè ìwé ni pé òun ń wá ibi tí òun yóò ti lo ọgbọ́n ìṣirò owó òun fún ìdàgbàsókè báǹkì.

"Báǹkì wo ló wà ní ilé ìwòsàn?" ni ọkọ mi bi í.

"Bí mo ṣe bá a níbẹ̀ nìyẹn, sà."

"Ìrìn-àjò tí o fẹ́ràn ńkọ́? Ibo lo ti rìn dé?"

Ammar ronú díẹ̀. "Mo ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, sà. Wọ́n fẹ́ sìnkú ni."

"Ímeèlì wo nìyí? Ta ni Ammar Olówó Ń Bọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló máa gba Olówó Ń Bọ̀ síṣẹ́ agbálẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín níwájú títí omi fi jáde lójú mi. Kò pa ọkọ mi lẹ́rìn-ín. Ó ṣí ímeèlì mìíràn fún ọmọ náà, ó yọ báǹkì kúrò, ó yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó wá ń bi í léèrè títí ó fi hàn pé láti kékeré, Ammar ló ń gbálẹ̀ mọ́sálásí àdúgbò wọn, tó ń fọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, tó sì ń tọ́jú omi síbẹ̀. "Kí ló dé tí o kò kọ ìyẹn?" Ammar wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Sà, láádá ni mo ń wá níbẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ni ìyẹn náà?"

Ìwàásù kan ni ọkọ mi ń ṣe fún wọn lẹ́yìn ìjà. Mo ti mọ̀ ọ́n lórí bí ẹni mọ Àdúrà Olúwa. Kọ ohun tí ọwọ́ rẹ ti ṣe rí. Èyí tí ilé iṣẹ́ náà ń wá ni kó ṣáájú. Má jẹ́ kó ju ojú ìwé kan lọ, nítorí ẹni tó fẹ́ kà á kò jókòó tì ọ́. Má fi ìwé kan wá iṣẹ́ gbogbo. Má purọ́, wọn á bi ọ́. Bí wọ́n bá ní kí o mú ẹni tí wọ́n lè béèrè nípa rẹ lọ́wọ́ rẹ̀ wá, mú ẹni tó mọ̀ ọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an ló wá dójú ti òun fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Fàdìlàt wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣú. Kì í ṣe àlejò sí mi. Mùjíbátù ìyá rẹ̀ máa ń ra àgbàdo gbígbẹ láwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Lálúpọn, á kó o lọ tà fún àwọn Haúsá ní ọjà Ṣáṣá. Níwájú mi ni wọ́n ti máa ń dá ọkọ̀ dúró láti mu omi. Lọ́dún tó kọjá ni apá kan ara Mùjíbátù kú mọ́ ọn lára. Bí òwò náà ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn. Láti ìgbà náà, Fàdìlàt ló ń gbé e, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ lọ́nà Adégbayì ń wá ẹni tí yóò máa gba ọjà wọlé ní sítọ̀ wọn. Ìdí rèé tí ọmọ náà fi wá. Bó bá rí iṣẹ́ náà, á máa lọ láàárọ̀, á máa padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá rí i, ìbátan wọn kan ní Èkó ti ní kó máa bọ̀ wá bá òun dúró sí ṣọ́ọ̀bù, kó máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó sì máa fi owó ránṣẹ́ sílé.

"Bí mo bá lọ sÉkòó, Mọ́mì," ó bi mí, "ta ni á máa gbé ìyá mi wẹ̀?"

Mo ní kó wọlé lọ bá Bàbá Ìfẹ́.

Bó ṣe fún un níwèé ni mo gbọ́ tí gíláàsì bọ́ lójú. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ iṣẹ́ tó ti ṣe rí, "kò sí" ló kọ síbẹ̀.

"Láti ìgbà tí o ti jáde níléèwé, kí lo ń ṣe?"

"Ilé ni mo wà, sà."

"O kàn jókòó sílé?"

"Mo máa ń tẹ̀ lé ìyá mi tí wọ́n bá ń ra àgbàdo."

"Kí lo ń bá wọn ṣe níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, sà. Mo kàn ń bá wọn wò ó ni."

"Kí lò ń wò lára rẹ̀?" Ohùn ọkọ mi ti ń ga.

"Bóyá ó gbẹ. Bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń fi èyí tó tutù sísàlẹ̀ àpò, kí wọ́n wá fi èyí tó gbẹ bò ó lórí. Mo máa ń ki apá bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà màá ka àpò sínú ọkọ̀, màá bá ọkọ̀ lọ, màá sì kà á sílẹ̀ ní Ṣáṣá."

"Ta ló ń bá àwọn Haúsá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Ìyá mi kò gbọ́ Haúsá."

Àga dún gbì lórí sìmẹ́ńtì. "Ìyá Ìfẹ́! Ẹ wá gbọ́ ọmọ tó jókòó sílé o!"

Fàdìlàt rò pé ó ń bú òun. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ìyá mi ni mo kàn ń bá ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́."

Ẹ má dá ọmọ náà lẹ́bi. Bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn. Iṣẹ́ ni èyí tí ẹlòmíràn gbà ọ́ sí. Èyí tí o ń ṣe nílé yín, ọmọ lò ń jẹ́. Bí ẹ bá bi èmi náà ohun tí mo ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, èmi tí mò ń gba owó, tí mò ń bẹ oníbàárà tó ti bínú jáde, tí mò ń sáré wá epo sí jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ, màá ní mo kàn jókòó síwájú ni.

Ọkọ mi tẹ ìwé náà fúnra rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ó dára. Àgbàdo ló ṣáájú nínú rẹ̀, Haúsá ló tẹ̀ lé e, kò sí ìrìn-àjò nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó kan ẹni tí wọ́n lè pè láti béèrè nípa rẹ̀, Fàdìlàt dárúkọ Bàbá Ògúnmọ́dẹdé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, àgbẹ̀ tó jẹ́ olórí agbo ilé wọn.

"Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí, sà."

"Ó parí," ni ọkọ mi wí. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ nọ́ńbà Bàbá síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí ìyẹn, nítorí òun ti gbàgbé.

Ilé iṣẹ́ náà pe Fàdìlàt wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n gbé àpò àgbàdo kan síwájú rẹ̀, ó ki apá bọ̀ ọ́, ó ní kò gbẹ, ẹnu ya wọn. Ó ku kí wọ́n pe Bàbá nìkan. Ọkọ mi ti ń yan kiri bí ẹni tó gba oyè.

Nígbà tí ọmọ yẹn máa tún padà wá, kò kí wa dáadáa. Ó jókòó lórí kúlà mi, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ilé iṣẹ́ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò lè gbà á. Ó ní òun ti ń di ẹrù Èkó. Ó ní ìyá òun kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ bá òun ká aṣọ. Bó ṣe sọ ìyẹn, ó bú sẹ́kún, èmi náà sì bá a sun ún.

Ọkọ mi fa fóònù yọ, ó pe ilé iṣẹ́ náà. Etí rẹ̀ kan kò gbọ́ran dáadáa, nítorí náà ó máa ń ṣí ohùn fóònù síta ni, gbogbo àdúgbò á sì bá a gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbani síṣẹ́ níbẹ̀ ló gbé e, Olúwadọ̀tun lorúkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ èèyàn bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọ́n ti tọ́ ọ. Òun ló sọ fún wa.

"Ẹ má bínú, sà. Ìwé rẹ̀ dára. Òun náà dára. Bàbá tó ní ká pè ló bà á jẹ́."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Wọ́n ní kò mọ nǹkan kan, ká bá àwọn kọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọdé ni, orí rẹ̀ kò tíì pé. Wọ́n ní bó bá ṣìwà hù, ká nà án dáadáa, àwọn kò ní bi wá léèrè. Sà, a kì í na èèyàn níbí."

Mo káwọ́ lérí. Ohun tí Bàbá ṣe ti yé mi kí ọmọ Àbújá náà tó sọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá ti fà lé ọ̀gá lọ́wọ́ rí, ó ti yé ẹ̀yin náà. Lọ́jọ́ tí bàbá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó jókòó síwájú ọ̀gá mi, ó ní ọ̀lẹ ni mí, ẹnu mi mú, n kò wúlò fún nǹkan kan, kó bá òun fi ojú mi rí màbo. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo dáná gbogbo ilé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ọmọ dáadáa lẹ mú wá yìí." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ mọ̀, ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀. Ta ni ì bá rò pé ẹnìkan máa gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ sínú ìwé, kó sì gbà á gbọ́?

Inú bí ọkọ mi dé góńgó. Ó ní àfi kí òun lọ bá Bàbá. Mo ti kúlà mi pa, mo gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e, kó má baà lọ bá àgbàlagbà jà.

A bá Bàbá Ògúnmọ́dẹdé lábẹ́ igi ọsàn níwájú ilé, ó ń pọ́n àdá. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó kí i tán kó tó bínú.

"Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́ o! Ẹ sọ fún àwọn èèyàn pé Fàdìlàt kò mọ nǹkan kan!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ojú Bàbá ń dán. "Mo bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo tún ṣàdúrà fún wọn. Ìgbà wo ló ń bẹ̀rẹ̀?"

Ọkọ mi ṣàlàyé. Kíá ni ìdùnnú kúrò lójú Bàbá.

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn?"

"Kí ẹ yìn ín, Bàbá! Kí ẹ ní ó mọṣẹ́, kí ẹ ní kì í jalè, kí ẹ ní kò sí irú rẹ̀!"

Bàbá gbé àdá sílẹ̀. "Múyì, ọjà ni wọ́n ń yìn. Ṣé mo fẹ́ tà á ni?"

Ọkọ mi dìde, ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Bí mo bá fa ọmọ lé ẹnìkan lọ́wọ́," Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "mo ní kí tọ̀hún máa wò ó. Bó bá wò ó tán, òun ló máa wá bá mi níbí pé, Bàbá, ẹ purọ́ fún wa, ọmọ yín dára. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi nìyẹn. Bí mo ṣe ṣe é fún gbogbo wọn nìyẹn." Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló fẹ́ lé ọmọ yìí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀?"

Bàbá tún mú àdá náà, ṣùgbọ́n kò pọ́n ọn mọ́. Ó kàn mú un dání ni.

Lójú ọ̀nà padà, ọkọ mi bínú sí Bàbá, ó bínú sí Olúwadọ̀tun, ó bínú sí Àbújá, ó bínú sí ọlọ́kadà pé ó ń sáré jù. Kò bínú sí ẹni tó tẹ nọ́ńbà Bàbá sínú ìwé. Nígbà tí a délé, ó tún pe Olúwadọ̀tun, ó bẹ̀ ẹ́. Sùúrù ọmọ yẹn pọ̀. Ó ní òun kò tíì fi ẹlòmíràn síbẹ̀, kí a dárúkọ ẹlòmíràn tó mọ ọmọ náà, òun á pè é lọ́la.

"Ẹ pè mí," ni ọkọ mi wí. "Èmi gan-an. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a kò rí ojú jẹun. Ó ń yin Fàdìlàt fún mi, ó ń yìn ín fún abọ́ ọbẹ̀, ó dúró síwájú dígí ó ń yìn ín fún ara rẹ̀. Akíkanjú ni. Olóòótọ́ ni. Mo ní, "Bàbá Ìfẹ́, a ti gbọ́, ẹ jẹun." Ó ní mi ò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó.

Ní ọjọ́ kejì, Fàdìlàt náà wá. Kò lè dúró sílé. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ló sì wà nígbà tí fóònù dún.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Olúwadọ̀tun wí. "Ṣé ẹ mọ Fàdìlàt dáadáa?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára.

"Ṣé ẹ rò pé ó lè ṣe iṣẹ́ yìí?"

Ọkọ mi wo ọmọ náà. Ọmọ náà tẹrí ba lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n mú wá fún ọ̀gá. Mo ń wo ọkọ mi láti iwájú, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ di ojú bàbá ọlọ́mọ. A kì í yin ọmọ lójú ọmọ, kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Hẹ̀ẹ̀... ọmọ wa ni," ó wí. "Ó ń gbìyànjú níwọ̀nba. Ẹ ṣáà... ọmọdé ni. Kò tíì mọ nǹkan kan bí alárà. Ẹ máa bá wa kọ́ ọ. Bó bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ bá a wí..."

Ẹnìkan ń na owó omi sí mi. Mi ò gbà á. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde, mi ò mọ bí mo ṣe dé inú, mo kàn bá fóònù lọ́wọ́ mi ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́," ni mo wí. "Ìyá Ìfẹ́ lorúkọ mi. Omi ni mò ń tà. Ọmọ tí ò ń béèrè yìí, kò tíì ga ju kúlà mi lọ tí mo ti ń rí i lẹ́yìn ọkọ̀ àgbàdo. Kò sí ẹni tó lè fi àgbàdo tútù tàn án jẹ. Lọ́jọ́ kan, àpò kan já bọ́ lójú ọ̀nà, dírẹ́bà ní gbogbo rẹ̀ pé, ọmọ yìí ní kò pé. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn padà títí ó fi rí i. Níwájú mi ló gbé e kọjá, lórí rẹ̀! Ó ń wẹ ìyá rẹ̀ kó tó jáde láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò rí i kí ó pẹ́ dé ibi kankan rí. Bó bá jẹ́ ọmọ inú mi ni, ǹ bá máa fi í yangàn. Ọkùnrin méjì ló ti sọ fún ọ pé kò mọ nǹkan kan. Èmi ń sọ fún ọ pé ó mọ̀. Ó mọ̀! Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀, adìyẹ yín ló máa jẹ àgbàdo tó ti bu."

Mo gbọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ẹ ṣé, mà. Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"N kò jẹ́ nǹkan kan sí i. Mo kàn jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ni."

"Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gba fóònù ńkọ́, mà? Kí ló dé tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ń yìn ín ni," ni mo wí. Mo pa fóònù náà.

Fàdìlàt kò lè gbé ojú sókè. Omijé rẹ̀ ń kán sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ọkọ mi ń nu gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Mo padà síwájú lọ gba owó omi mi.

Wọ́n gbà á. Ó ti ń lọ sí Adégbayì láàárọ̀ báyìí pẹ̀lú ẹ̀wù búlúù tí wọ́n fún un, ó sì ń padà wá wẹ ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá ń kọjá, á yà mu omi. Ọkọ mi ti fi ẹsẹ kan kún ìwàásù rẹ̀. Ó ń sọ fún gbogbo wọn báyìí pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kọ́ àgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí lóhun tó máa sọ, nítorí àwọn àgbà kan wà tí wọn kò mọ ọ̀rọ̀ sọ lórí fóònù. Ó ń sọ ọ́ lójú mi. Ojú kò tì í.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Ògúnmọ́dẹdé wá dúpẹ́. Ó gbé iṣu wá lórí ọ̀kadà. Ó jókòó, ó mu omi mi, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló tilẹ̀ bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n fi gbọ́?"

Ọkọ mi tọ́ka sí mi. "Obìnrin yìí ni, Bàbá. Ẹ bá mi bá a wí. Kò mọ nǹkan kan, àfi ariwo. Lójú àlejò ló ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi."

Bàbá mi orí títí. Ó rẹ́rìn-ín. "Múyì," ó ní, "o ríyàwó fẹ́."

"À ń fara dà á ni, sà," ni ọkọ mi wí. Inú rẹ̀ dùn dé eyín.

Mo gbọ́ ohun tó sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́ fún àlejò gbogbo, mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló ní yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Mo ti ṣe òmíràn, mo ti ṣe òmíràn lé òmíràn, ó sì ti sú mi kí n máa túmọ̀ rẹ̀ fún ara mi. Ó wù mí kí fóònù yẹn dún lọ́jọ́ kan, kí ọmọ Àbújá kan tí kò mọ àṣà wa bi ọkọ mi pé irú obìnrin wo ni ìyàwó rẹ̀. Màá dìde, màá jáde fún un, kí ó má baà rí ojú mi. Kó ṣáà rántí ṣí ohùn fóònù síta. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni màá wà.